Orí Kẹfà: Kọ́ọ̀dù Tí Kò Tíì Délé

Ẹ gbé ukulele yín. Ẹ rí i dájú pé okùn rẹ̀ dún bó ṣe yẹ: G, C, E, A, láti èyí tó wà nítòsí àgbọ̀n yín títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ sì ta gbogbo wọn pọ̀. A máínọ̀ nìyẹn. Ẹ má gbé ìka yẹn kúrò. Ẹ fi ìka mìíràn tẹ okùn C ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ tún un ta. Ó ti di A méjọ̀. Ojú kọ́ọ̀dù náà ti là. Ní báyìí, ẹ tẹ okùn C yẹn kan náà ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ ta á lẹ́ẹ̀kẹta.

Okùn mẹ́ta kò yí padà rárá. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń gòkè ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fajú ro, èkejì túra ká, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò fajú ro, bẹ́ẹ̀ ni kò túra ká. Ó dúró sójú kan, ó ń retí ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Asus4 ni à ń pè é, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ la ó sì fi orí yìí kọ́.

Láti ibí lọ, nọ́ńbà mẹ́rin la ó máa fi kọ kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti okùn G, èkejì ti C, ẹ̀kẹta ti E, ẹ̀kẹrin ti A. Òdo ni okùn tí a kò tẹ̀. Nítorí náà, A máínọ̀ ni 2000, A méjọ̀ ni 2100, Asus4 sì ni 2200. Ní ti ìka, ìka kìíní ni èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, ìka kẹrin sì ni èyí tó kéré jù lọ.

Nóòtì tó ń dájọ́

Ẹni tó bá ti kọrin rí nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ń lo sólfà kò ní pẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dó, Mí, Só ni kọ́ọ̀dù méjọ̀. Dó ni ìpìlẹ̀, Só ló gbé e ró, Mí ló sì ń sọ fún etí bóyá inú dùn tàbí inú bàjẹ́. Bí Mí bá wálẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kan péré, kọ́ọ̀dù náà di máínọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ Mí kúrò pátápátá, tí a fi Fá sí àyè rẹ̀, etí kò rí ohun tó lè fi dájọ́ mọ́. Dó, Fá, Só: sus4 nìyẹn, torí pé Fá ni nóòtì kẹrin tí a bá kà á láti Dó. Tó bá jẹ́ Ré la fi rọ́pò Mí, a ní Dó, Ré, Só, èyí tí à ń pè ní sus2.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé Mí gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi nóòtì tuntun kún kọ́ọ̀dù, tí Mí á sì ṣì máa dún lórí okùn mìíràn. Ẹ wo F, tó jẹ́ 2010. Tí ẹ bá gbé ìka kúrò lórí okùn G, ó di 0010, ẹ ó sì gbọ́ G, tó jẹ́ Ré fún F. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe sus2, nítorí okùn A tí ẹ kò tẹ̀ ń dún ní A, A yẹn gan-an sì ni Mí fún F. Ìdájọ́ ti jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fsus2 tòótọ́ ni 0013: okùn A ti gun òkè lọ sí C, kò sí Mí níbì kankan mọ́.

Ọgbọ́n àwọn akọrin àtijọ́

Irú ohùn yìí ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ukulele tó dé ayé. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí Palestrina ń kọ orin fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Róòmù, òfin rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Olórin kan á kọ́kọ́ mú nóòtì tó bá ti àwọn yòókù mu. Àwọn yòókù á wá yí sí kọ́ọ̀dù tuntun, àmọ́ òun á di nóòtì tirẹ̀ mú, débi pé kò ní bá tiwọn mu mọ́. Lẹ́yìn náà ni òun náà á sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ara á sì tu gbogbo wọn. Ní 1725, Johann Joseph Fux tẹ ìwé Gradus ad Parnassum jáde ní Vienna láti kọ́ àwọn èèyàn ní orin olóhùn púpọ̀. Ìpele márùn-ún ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ pín sí, odidi ìpele kẹrin ló sì fi jin ọgbọ́n yìí.

Ẹni tó dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nílẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ ìbátan rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àmín olóhùn mẹ́rin tí akọrin fi ń parí orin máa ń ti orí kọ́ọ̀dù Fá padà sí orí kọ́ọ̀dù Dó. Nínú rẹ̀, ohùn kan á di Dó mú, òmíràn á sì sọ̀ kalẹ̀ láti Fá sí Mí. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn náà ni sus4 ń ṣe nígbà tó bá ń padà sí méjọ̀. Etí yín ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ló kù.

Ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé ṣe lórí ukulele pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tí kò le. Ẹ ta C, tó jẹ́ 0003, ṣùgbọ́n ìka kẹrin ni kí ẹ fi tẹ okùn A. Ẹ jẹ́ kí ìka náà dúró síbẹ̀. Ẹ fi ìka kìíní tẹ okùn C ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ fi ìka kẹta tẹ okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta: 0233, Gsus4. Kí ẹ tó ta á, ẹ jẹ́ kí ìka kejì ti wà lórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, lẹ́yìn ìka kẹrin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ta á, ẹ kàn gbé ìka kẹrin sókè: 0232, G. Kí ẹ wá padà sí 0003. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì fetí sí okùn A nìkan. C, C, B, C ló ń sọ. C kejì kò kúrò níbi tí C àkọ́kọ́ wà. Àwọn okùn yòókù ló yí padà lábẹ́ rẹ̀ tó fi di àlejò. Nígbà tó bọ́ sí B, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí

Kí ló dé tí a fi ń fẹ́ kí Fá sọ̀ kalẹ̀? Apá kan ìdáhùn wà nínú bí okùn ṣe ń gbọ̀n. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn A ń gbọ̀n ní ìgbà 440, G ní ìgbà 392, E ní nǹkan bí 330, C ní nǹkan bí 262. Ẹ ó rí i pé okùn G tó wà lókè pátápátá kọ́ ni ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ jù. C ló lọlẹ̀ jù, G sì bọ́ sáàárín E àti A. Ètò okùn yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí a máa dá ohùn ukulele mọ̀ láti òkèèrè. Hawaii ni ohun èlò náà ti jáde, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag gbé àwọn èèyàn láti Madeira, erékùṣù àwọn Potogí, dé Honolulu ní oṣù Kẹjọ 1879. Mẹ́ta nínú wọn, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn ni wọ́n fi ohun èlò olókùn kékeré ilẹ̀ wọn ṣe àwòkọ́ṣe tí ukulele fi jáde, Ọba Kalākaua sì gbé e lárugẹ láàfin.

Ẹ wá wo ohun tí ètò okùn yẹn ń ṣe fún sus4. Nínú C méjọ̀, 0003, nóòtì méjì tó súnmọ́ra jù ni E àti G, 330 àti 392. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 62. Nínú Csus4, 0013, E ti di F, tó jẹ́ 349. Ìyàtọ̀ òun àti G kò ju nǹkan bí 43 lọ. Bí ohùn méjì bá súnmọ́ra tó báyìí, wọn á máa pàdé, wọn á tún máa yà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pàdé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ lè kà á. Òun ni ẹ ń gbọ́ nígbà tí okùn méjì kò tíì bára dọ́gba. Tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣeé kà mọ́, ó kàn ń ha etí ni. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1863 pé ìyàtọ̀ tó tó nǹkan bí 33 ló ń ha etí jù. Ní 1965, Reinier Plomp àti Willem Levelt, ará Netherlands, so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ibi tí a ti ń gbọ́ ohùn gan-an, ihò kékeré inú etí tó ká bí ìkarahun ìgbín. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè tirẹ̀ tó ń mì níbẹ̀. Tí ohùn méjì bá ń du àgbègbè kan náà, híha ló ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àwọn kan máa ń fi okùn G tó nípọn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, èyí tó ń dún ní 196 dípò 392. Lórí irú ukulele bẹ́ẹ̀, F àti G ti jìnnà síra, Csus4 á sì rọ̀ létí. Lórí ètò okùn àtijọ́, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, kọ́ọ̀dù náà á sì mú ṣáṣá. Bí fídíò tí ẹ ń wò bá dún yàtọ̀ sí ti yín nígbà tó jẹ́ pé ìka yín wà níbi tó yẹ, ẹ kọ́kọ́ wo okùn G olórin náà.

Híha etí nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Nínú 0233, a ní D ní 294, G méjì ní 392, C ní 523. Kò sí èyí tó súnmọ́ èkejì débi pé wọn á máa ha ara wọn. Síbẹ̀, tó bá tẹ̀ lé G, etí ṣì ń wọ̀nà fún ibi tí yóò já sí. Ìrètí nìyẹn, inú ọpọlọ ló sì wà. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní yunifásítì McGill ní Montreal, lára wọn Valorie Salimpoor àti Robert Zatorre, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tó ń gbọ́ orin tó ń mú orí wọn wú. Wọ́n rí i pé èròjà tí à ń pè ní dopamine ń tú jáde nínú ọpọlọ wọn nígbà tí orin náà dé góńgó. Wọ́n tún rí i pé ó ti ń tú jáde ní apá ibòmíràn nínú ọpọlọ kí góńgó náà tó dé, nígbà tí olùgbọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọn kò fi sus4 ṣe ìwádìí yẹn, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìdúródeni wà lára adùn orin. Iṣẹ́ tí kọ́ọ̀dù yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ lórí okùn

D ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé okùn kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. 2220 ni. Ẹ fi ìka kìíní tẹ okùn G, ìka kejì okùn C, ìka kẹta okùn E, gbogbo wọn ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ibẹ̀ há, pàápàá lórí ukulele kékeré tí à ń pè ní sópránò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìka kìíní fà sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọn yòókù lè ráyè. Láìgbé ìkankan, ẹ fi ìka kẹrin tẹ okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta: 2230, Dsus4. Ẹ gbé e, ẹ ti padà sí D. Ẹ wá gbé ìka kẹta náà: 2200, Dsus2. Okùn E ti dún ní F♯, ní G, àti ní E. Àwọn yòókù kò mira. Queen fi irú D àti Dsus4 bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin Crazy Little Thing Called Love ní 1979, lórí gìtá. Lórí ukulele, ìka kékeré kan náà ló ń ṣe é.

Ní ti C, ẹ lo ìka kẹta lórí okùn A, kí ẹ fi ìka kìíní kún un lórí okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní: 0013. Ìka kìíní yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀ díẹ̀, á fara kan okùn C, á sì pa á lẹ́nu mọ́, okùn C sì ni Dó. Ẹ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́, kí oríkèé rẹ̀ ká dáadáa, kí ẹ sì ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó dákẹ́. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù. Okùn ukulele kò le, agbára tó pọ̀ jù á fà á ju bó ṣe yẹ lọ, nóòtì á sì gòkè. Ẹ tẹ ẹ̀yìn irin fírẹ́ẹ̀tì pẹ́kípẹ́kí, ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ á tó o.

F gba sùúrù, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba. Nínú 2010, A tó jẹ́ Mí wà lórí okùn méjì, okùn G àti okùn A. Àfi kí àwọn méjèèjì gun òkè kí Mí tó kúrò nílé. Nítorí náà, Fsus4 ni 3011: ìka kìíní dábùú okùn E àti A ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, ìka kẹta wà lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta.

A náà ní ìṣòro tirẹ̀. Asus4 rọrùn, a ti rí i. Àmọ́ Asus2 ń fẹ́ B ní ipò Mí, orí okùn C sì ni Mí wà nínú 2100. Nítòsí ibẹ̀, kò sí ibi tí a fẹ́ tẹ okùn C tí yóò fi dún ní B, torí pé láti C ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Asus2 fi gbéra lọ sí 2452, níbi tí okùn A ti ń dún ní B.

Àwòrán márùn-ún, orúkọ mẹ́wàá

Ẹni tó bá ń fọkàn bá a lọ á ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ni 2200 ṣe jẹ́ Asus4 lókè, tó tún wá di Dsus2 nísàlẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. A, D, E ni nóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí a bá fi A ṣe Dó, D ni Fá: sus4. Tí a bá fi D ṣe Dó, E ni Ré: sus2. Gbogbo sus2 ló rí bẹ́ẹ̀; òun náà ni sus4 tó wà lórí Só rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán márùn-ún péré ń jẹ́ orúkọ mẹ́wàá:

0013: Csus4, Fsus2
0233: Gsus4, Csus2
0230: Dsus4, Gsus2
2200: Asus4, Dsus2
2452: Esus4, Asus2

(Dsus4 ní ọ̀nà méjì: 0230 yìí, àti 2230 tó rọrùn láti ti inú D bọ́ sí.)

Kí ló wá ń sọ orúkọ tí kọ́ọ̀dù ń jẹ́? Nínú ẹgbẹ́ tó ní gìtá béèsì, béèsì ló sábà máa ń sọ ọ́. Ukulele kò ní ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ ta C, ẹ ta 0233, ẹ padà sí C: 0003, 0233, 0003. Kọ́ọ̀dù àárín á dún bí ẹni pé C kàn yọjú síta, tó sì wọlé padà. Ẹ wá ta G, 0233, G: 0232, 0233, 0232. Àwòrán ìka yẹn kan náà ni, nóòtì yẹn kan náà ni, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀: C orí okùn A ló ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Èyí ni ohun tó yẹ kí ẹ mú lọ nínú orí yìí ju àwòrán èyíkéyìí lọ. Ìrìn ni sus. Ẹni tó bá há nọ́ńbà rẹ̀ sórí láìmọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń fi kọ́ra

Nítorí náà, ẹ má dá kọ́ọ̀dù sus kọ́ ní òun nìkan. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ilé rẹ̀: D pẹ̀lú Dsus4, C pẹ̀lú Csus4, G pẹ̀lú Gsus4. Ẹ ka mẹ́rin, kí sus gba ìlù méjì, kí ilé gba méjì. Kí ó falẹ̀ débi pé ìka á ti wà níbi tó ń lọ kí ìlù tó kàn án. Ẹ máa fi ẹnu kọ nóòtì tó ń yí padà: Fá, Mí, Fá, Mí. Ohùn ẹnu máa ń fi han ọwọ́ ibi tó yẹ kó lọ.

Tí ẹ bá ti mọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dà wọ́n pọ̀. Ní 1979, John Shea àti Robyn Morgan ní Amẹ́ríkà fi ìdánwò hàn pé àwọn tó ń da iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi pọ̀ nígbà ìdánrawò máa ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn ju ti àwọn tó ń ṣe ọ̀kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Ẹ ta D lọ sí Dsus4, kí ẹ bọ́ sí C àti Csus4, kí ẹ fò sí G, kí ẹ tún padà. Ọwọ́ á máa ṣì, ẹ má bínú sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbà tí a kò ní padà sílé

Òfin Palestrina ní kí nóòtì náà sọ̀ kalẹ̀. Àwọn olórin ayé òde òní ti rí i pé kò pọn dandan. Nínú Pinball Wizard tí The Who gbé jáde ní 1969, Pete Townshend ń fi gìtá ta sus4 ní kíákíá, ó sì ń padà sí méjọ̀, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí ìdúró náà pẹ́ kí ó tó tú u. Herbie Hancock lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ nínú Maiden Voyage ní 1965: láti orí sus kan ló ń bọ́ sí orí sus mìíràn, kò sí ilé tí ẹnikẹ́ni ń sáré padà sí. Ẹ lè gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí ukulele tí ẹ bá ta 2200, 0230, 0233, 0013 tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ má sì padà.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó kàn ni kí ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa ní C, kí ẹ wá gbogbo ibi tí G ti ń padà sí C. Ibẹ̀ ni Gsus4 ti ń wúlò, 0233 ṣáájú 0232. Ẹ fi sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kó jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ gbogbo ìlà lẹ fi sí, etí á ti mọ̀ ọ́n kó tó dé, kò sì ní sí ohun tí yóò máa retí mọ́.